Àṣẹ Ọba Lórí Àlejò Tó Fẹ́ Wo Adágún

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Adágún, ẹ gbọ́ o!

Ọkùnrin, ẹ gbọ́! Obìnrin, ẹ gbọ́! Ẹni tó wà lórí ẹní, kó dìde jókòó! Ẹni tó wà ní balùwẹ̀, kó fi ọṣẹ sílẹ̀! Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó dá ìjà náà dúró síbi tó dé, kó sàmì sí i, yóò bá a níbẹ̀ tó bá padà!

Èmi Ògúnkẹ́yẹ ni. Èmi tí mo bá húkọ́ lórí òkè, tí wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́ o" ní ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí agogo yìí ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sí àṣẹ tí mo kéde tí ìlú yìí ò pa mọ́. Mo ní kí ìlú dúró, ìlú dúró. Mo ní kí ìlú jókòó, ìlú jókòó. Agogo mi kì í dún lásán! Ẹ fi gbólóhùn yẹn sápò. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀.

Adúgbò tó kẹ́yìn rèé. Mo ti kéde ní Ojúde Ọba láti ìdájí. Mo ti kéde níwájú ilé Ìyá Wúràọlá, ìyá olójòjò. Mo ti kéde títí dé ibi tóóró yìí, láàárín àpáta àti ògiri mọ́ṣáláṣí, níbi tí ọ̀nà adágún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí ogunlọ́gọ̀ tó tẹ̀ lé mi? Gbogbo ìlú ni. Wọn ò rí nǹkan ṣe nílé. Ẹ ó gbọ́ ìdí tí wọn ò fi rí nǹkan ṣe.

Kábíyèsí, Olókè ti Òkè-Adágún, ní kí n kí yín. Ó ní ẹ kú àpáta. Ó ní ẹ kú adágún. Ó ní kí n má kí yín ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kíkí gan-an ló kó wa sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ẹ ò ì gbàgbé Arábìnrin Tinúadé, obìnrin tó ń rin ìlú kiri, tó ń kọ ìwé fún àwọn tó fẹ́ lọ gbafẹ́. Bó bá kọ ọ́ pé ibì kan dára, mọ́tò á máa wọ́ lọ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pátákó tí wọ́n fẹ́ rì mọ́ oríta títì wà. Pátákó kan! Ọfà kan! Ibi tó bá sọ ni ọfà náà yóò kọjú sí. Bóyá òkè, sọ́dọ̀ wa. Bóyá ìsàlẹ̀, sí Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀.

Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀! Ìlú tí adágún wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí pẹ́pẹ́yẹ méjì ò lè wẹ̀ níbẹ̀ pọ̀! Ọ̀kan á wọlé, èkejì á dúró létí omi, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí mọ́tò! Ìlú tí àlejò á kọjá láàárín wọn, tí wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo òjò! Wọn ò tíì fún àlejò ní omi mu rí. Wọ́n ní kó lọ bu nínú ti pẹ́pẹ́yẹ.

Àwa ńkọ́? Àwa gba àlejò! Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, obìnrin yìí wá wo adágún wa. Àárọ̀ ló dé. Ó fẹ́ gòkè, kó wo omi, kó ya àwòrán, kó máa lọ. Ló bá kí Ìyá Wúràọlá pé ẹ káàárọ̀, mà. Àṣìṣe nìyẹn! Ìyá Wúràọlá ní àlejò kì í gba ẹnu ọ̀nà òun kọjá pẹ̀lú inú òfìfo. Ó fún un ní òjòjò. Ilé kejì gbọ́ pé òjòjò ló jẹ, wọ́n gún iyán. Ilé kẹta gbọ́ pé iyán ló jẹ, wọ́n pa adìẹ. Ilé Baba Ọ̀dọ̀fin ní ta ló ń fi adìẹ ṣe àlejò, wọ́n lé àgbò kiri títí àgbò fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí pásítọ̀ fi yà á sí mímọ́.

Kí àlejò tó dé ìdí àpáta yìí, kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ọkùnrin méjì ló gbé e gòkè bí àpò gaàrí. Ọ̀sán sì ti yẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ adágún wa. Bí oòrùn bá ti yẹ̀ báyìí, ìkùukùu a sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta, a sì bo omi mọ́lẹ̀ bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Ó di ọjọ́ kejì! Àlejò dúró síwájú ohun funfun. Ó ya àwòrán ohun funfun. Ó dì mọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fún un pé kó jẹ lọ́nà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó ń padà bọ̀ lónìí! Ó ránṣẹ́ pé ìbẹ̀wò tó kẹ́yìn nìyí, kí òun tó sọ ibi tí ọfà yóò kọjú sí.

Kábíyèsí pè mí. Ó ní, Ògúnkẹ́yẹ, kéde kí gbogbo ìlú gbọ́. Bí obìnrin yẹn ò bá fojú kan adágún kí ìkùukùu tó sọ̀, agogo kúrò lọ́wọ́ rẹ, ó di ti Jímọ̀ọ́ télọ̀, tó tún ń ta kẹrosíìnì.

Jímọ̀ọ́! Tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tó gbé òkúta mì! Bàbá mi lu agogo yìí. Bàbá tó bí bàbá mi lù ú. Ẹ wo ibi tó tẹ̀ wọnú yìí, orí gbọ́mọgbọ́mọ ni bàbá mi là á mọ́! Mo ti dá a mọ́ ju ọmọ mi lọ; òun, bí mo bá lù ú, ó máa ń dáhùn. Jímọ̀ọ́, má rẹ́rìn-ín. Mo ń rí eyín ẹ láti ibí.

Nítorí náà! Àṣẹ Kìn-ín-ní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná! Mo tún un sọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná! Ààrò kò gbọdọ̀ rú èéfín, sítóòfù kò gbọdọ̀ tàn, epo kò gbọdọ̀ gbóná, títí àlejò yóò fi rí adágún. Ẹ̀yin ń rò pé kí Kábíyèsí kàn ní kí ẹ má fún un lóúnjẹ? Kábíyèsí mọ̀ yín! Bó bá ti wà nínú ìkòkò, ẹ ó bù ú fún un. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ wà nínú ìkòkò! Ìjìyà: ẹni tí a bá rí èéfín nílé rẹ̀ yóò lọ jókòó ti Baba Ọ̀dọ̀fin, yóò gbọ́ ìtàn bí wọ́n ṣe gun àpáta nígbà èwe wọn, láti ìdí dé òkè. Yóò sì bá wọn sọ̀ kalẹ̀.

Baba Ọ̀dọ̀fin, ẹ má bínú, sà. Kábíyèsí ló fi ṣe ìjìyà, kì í ṣe èmi. Èmi gbádùn rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

Kí lẹ wí, Ìyá Wúràọlá? Pé kí ni ọkọ yín yóò wá jẹ? Kábíyèsí gan-an ò tíì jẹun. Bó ṣe ń pàṣẹ ni ikùn rẹ̀ ń pàṣẹ. N ò mọ èyí tí mo gbọ́ nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìlú Òkè-Adágún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín! Mo ti wo gbogbo òrùlé láti ìdájí. Kò sí èéfín! Ààrò tútù bí imú ajá! Kò ṣẹlẹ̀ rí láyé!

Àṣẹ Kejì! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó kí àlejò! Ẹ kú àbọ̀. Ó tán! Kò sí ẹ kú ìrìn. Kò sí ẹ kú oòrùn. Kò sí ẹ kú ìdúró, kò sí ẹ kú ìjókòó, kò sí ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ajá ńkọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè ìlú ìyá tó bí ìyá rẹ̀, kó wá sọ pé ìbátan òun ni! Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ìlú yìí ló di ìbátan rẹ̀. Ilé kan ti yan aṣọ fún un pé kó wá bá àwọn sìnkú! Ìjìyà: ẹni tó bá kí i lẹ́ẹ̀mejì, ìlú ò ní kí òun náà títí ọjà yóò fi yípo. Yóò jí, kò sẹ́ni tí yóò ní ẹ káàárọ̀. Yóò sín, kò sẹ́ni tí yóò ní pẹ̀lẹ́. Yóò ra ẹ̀wù tuntun, yóò wọ̀ ọ́ gba ọjà já, yóò sì wọ̀ ọ́ padà.

Ẹ̀rù bà yín, àbí? Ó ba èmi náà.

Àṣẹ Kẹta kan ewúrẹ́. Ẹ̀yin ewúrẹ́, ẹ gbọ́ o! Ẹ yé jẹ pósítà, ẹ gbọ́ o! Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ dúró níwájú kámẹ́rà! Ewúrẹ́ tó bá fẹ́ yọjú sí adágún, kó wẹ̀, kó fá irùngbọ̀n! Òbúkọ ilé Ìyá Wúràọlá, ìwọ ni mò ń bá wí! Nínú gbogbo àwòrán funfun tí àlejò yà lọ́jọ́sí, ìwọ nìkan ló hàn kedere! Ìjìyà: òbúkọ tó bá rú òfin yìí, a ó fà á lé Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ lọ́wọ́, yóò máa bá pẹ́pẹ́yẹ tò fún ìwẹ̀.

Ta nìyẹn? Ìwọ yẹn! Ìwọ tó dé fìlà, tó ń ti ọ̀nà òkè bọ̀, tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn lẹ́bàá ògiri! Dúró níbẹ̀! Agogo ń dún, o ń kọjá? Ẹsẹ̀ ṣòkòtò ẹ tutù bẹ́ẹ̀, ibo lo ti lọ ta ìwọ̀? Ọmọ ta ni ọ́? Má dá mi lóhùn! Ilé Jímọ̀ọ́ ni, mo mọ̀. Ilé wọn kì í tẹ́tí. Ẹ há a mọ́ àárín, kó má lè yọ. Ó dúró títí n ó fi parí! Ẹ ṣeun. Ọba ń sọ̀rọ̀, èèyàn ń rìn!

Níbo ni mo dé? Ewúrẹ́ ti lọ. Àṣẹ Kẹrin! Bí àlejò bá béèrè ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu tọ́ka! Ẹ na ọwọ́! Ẹ má yọ ètè bí ẹni fẹ́ fẹnu ko afẹ́fẹ́ lẹ́nu! Ẹ má sì sọ pé kò jìnnà. Ẹ má sọ pé ibẹ̀ yẹn náà ni. "Ibẹ̀ yẹn" ìlú yìí, mo mọ ẹni tó di oúnjẹ dání kó tó lọ síbẹ̀! Ìjìyà fún ẹni tó bá fi ẹnu tọ́ka…

Ẹ dúró ná. Ìlàrí ń sáré bọ̀ láti ààfin. Ìlàrí, rọra. Mí sínú. Mí síta. Kí lo wí?

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Kábíyèsí ti fa Àṣẹ Kẹrin ya! Ẹ lè fi ẹnu tọ́ka! Ìlàrí ní Kábíyèsí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu tọ́ka sí bàtà rẹ̀, gbogbo olorì sì ń wò ó. Nítorí náà, ẹ fi ẹnu tọ́ka! Kódà, ẹni tó bá na ọwọ́, ó fẹ́ tú àṣírí ọba! Òun ni yóò jìyà!

Àṣẹ Karùn-ún! Ìtàn adágún! Ilé Ọ̀dọ̀fin ní ọdẹ kan ló fi ìdí ìbọn gbẹ́ ẹ. Ilé Àró ní obìnrin kan ló sunkún títí ibẹ̀ fi kún. Lọ́jọ́sí, bí àlejò ṣe ń retí kí ìkùukùu ká, ilé méjèèjì ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀, títí wọ́n fi ṣẹ́ ọwọ́ awò ojú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀! Bó bá béèrè pé kí ni ìtàn adágún yìí, ẹ ó sọ pé omi ni. Omi ni! Ó tán! Baba Fágbohùn ọlọ́kọ̀ ti wà létí omi láti òwúrọ̀, ó ti tẹ́ aṣọ Ọdún Iléyá rẹ̀ sórí àga inú ọkọ̀, ó ń retí àlejò. Ẹ ṣàánú baba yẹn! Láti ọjọ́ tó ti kan ọkọ̀ náà, ẹyẹ nìkan ló tíì wọ̀ ọ́. Ẹyẹ ọ̀hún ò sì dúró dé òdìkejì.

Ìyá Wúràọlá! Ìyá Wúràọlá, mò ń kéde, ta lẹ ń kúnlẹ̀ kí lẹ́yìn yẹn? Ẹ kú ìrìn, ẹ kú òkè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, kí ló dé? Ṣé ọmọ Jímọ̀ọ́ lẹ wá ń kí báyìí, bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé? Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lẹ wí?

Pé kì í ṣe ọmọ Jímọ̀ọ́.

Pé ta ni?

Yéè! Mo gbé! Arábìnrin Tinúadé! Ẹ ṣí fìlà! Rárá, ẹ má ṣí i, mo ti rí i, òun ni! Ìgbà wo lẹ dé, mà? Láti Àṣẹ Kẹta? Èmi ni mo ní kí wọ́n há yín mọ́! Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ yà! Ẹ yà fún un! Ẹ wo ojú ọ̀run! Oòrùn ti yẹ̀! Ta ló yẹ oòrùn? Ẹ yà, ẹ jẹ́ kó gòkè!

Kì í ṣe pé kí ẹ tò! Ta ló ní kí ẹ tò? Wọ́n ti tò sí ọ̀tún àti òsì bí ẹni fẹ́ gba ìyàwó, oníkálukú ń fi "ẹ kú àbọ̀" ẹlẹ́ẹ̀kan tirẹ̀ kí i! Ẹlẹ́ẹ̀kan ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni! Arábìnrin, ẹ má kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn, ẹ jọ̀ọ́! Ta ló kọ́ yín? Àwa náà la kọ́ ọ! Ẹ dìde níwájú Baba Ọ̀dọ̀fin, mà, wọn ò ní dá yín sílẹ̀! Baba, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ má sọ ti àpáta! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n ń ká ṣòkòtò.

Ẹ wo òkè.

Ó ti sọ̀. Ìkùukùu ti sọ̀. N ò rí igi mọ́. N ò rí orí àpáta mọ́.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ gbọ́ o. Èyí ni àṣẹ tó kẹ́yìn. Ẹni kan dá àlejò dúró lójú ọ̀nà adágún títí ìkùukùu fi bo omi. Kì í ṣe oúnjẹ ló fi dá a dúró. Ẹnu ló fi dá a dúró. Orúkọ ẹni náà ni Ògúnkẹ́yẹ, ọmọ bíbí ìlú yìí, tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tó dúró níwájú yín báyìí. Ọba ti dá ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣẹ̀. Jímọ̀ọ́, súnmọ́ ibí. Gbà. Má fi ọwọ́ òwú mú un. Ibi tó tẹ̀ wọnú yìí ni wọ́n kì í lù. Bàbá mi ní orí èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Máa fi òróró pa á lára lọ́jọ́ òjò. Ó máa ń tutù.

Ẹ dákẹ́ ná. Àlejò ń fà mí láṣọ. Ẹ ní kí ni, mà? Ẹ sọ ọ́ sí mi létí.

Háà!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Jímọ̀ọ́, gbé agogo mi wá! Gbé e wá, kí n tó gbà á tòun tọwọ́ rẹ! Obìnrin yìí ní òun ti rí adágún! Ó ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lòun ti gba ẹ̀yìn òkè wọlé, kí ẹnikẹ́ni má bàa kí òun! Ó ní Baba Fágbohùn ti fi ọkọ̀ wa òun yí omi ká, òun fi ọwọ́ kàn án, òun fi ẹsẹ̀ kàn án! Ẹ wo ṣòkòtò! Mo ní ṣòkòtò rẹ̀ tutù, àbí mi ò sọ ọ́? Ó béèrè ìtàn adágún lọ́wọ́ Baba Fágbohùn, baba ní omi ni! Àṣẹ Karùn-ún! Baba gbọ́ ohùn mi láti Ojúde Ọba! Ta ni Ògúnkẹ́yẹ? Ẹ yọ gbólóhùn tí ẹ fi sápò! Kò sí àṣẹ tí mo kéde tí ìlú yìí ò pa mọ́! Ọfà di tiwa! Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, ẹ wọ omi yín lọ, bí yóò bá gbà yín!

Ó tún ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Ó ní adágún pọ̀ láyé. Ó ní òun ti rí èyí tó tóbi ju tiwa lọ, òun ti rí èyí tó kéré. Ó ní ìlú tí wọ́n ti ń lé àgbò wọ ṣọ́ọ̀ṣì nítorí àlejò ni òun ò tíì rí rí. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ń sọ fún àwọn èèyàn òun nílé. Oúnjẹ wa ló gbé òun padà wá. Ìdí nìyí tí òun fi ń bọ̀ wá sínú ìlú nígbà tí mo ní kí ẹ há òun mọ́. Ó ní òun ò jẹun lálẹ́ àná, kí ààyè lè wà.

Ó ní kí òun jẹun tán, òun yóò sọ ibi tí ọfà yóò kọjú sí.

Ìyá Wúràọlá, òjòjò ńkọ́? Kò sí. Ilé Baba Ọ̀dọ̀fin? Kò sí. Ìlàrí, ààfin ńkọ́? Ariwo ikùn ọba nìkan ni. Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ràn, ẹ̀yin tí mo kéde títí pé kí ẹ má da ilẹ̀ sójú àgbàrá, tí ẹ ń dà á sí i níṣojú mi, ẹ tún gbọ́ràn lónìí! Ẹ sá lọ dáná! Ẹ sáré! Kí ló dé? Ìkùukùu ti mú igi tutù. Kẹrosíìnì ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Jímọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń rà á, Jímọ̀ọ́ sì ti fi kọ́kọ́rọ́ sílé nítorí ó fẹ́ wá gba agogo.

Arábìnrin, ibo lẹ ń lọ, mà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ó ní ká má ṣèyọnu. Ó ní òun ń rí èéfín níbẹ̀ yẹn. Ó fi ẹnu tọ́ka.

Ìsàlẹ̀ ló tọ́ka sí.

Ohùn ni ti ọba, ẹnu ni ti Ògúnkẹ́yẹ. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́, kó má béèrè. Agogo ti dákẹ́.

Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn rẹ̀ bọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n ń yan.